Wàrà Fúlàní nínú ọbẹ̀ àwọn ará Íńdíà: ẹ sọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́ yín

Ará Ṣábẹ
Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ se palak paneer, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ oníwàrà ti àwọn ará Íńdíà, kó má torí pé kò rí paneer (wàrà tiwọn) rà fi í sílẹ̀. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà fún wa ń gba ipò rẹ̀ dáadáa. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi mú tiwọn dì, oje bọ̀mùbọ̀mù ni wọ́n fi ń mú tiwa dì, àmọ́ kò sí èyí tó ń yọ́ lórí iná nínú méjèèjì.

Fún ènìyàn 4, ẹ mú wàrà bíi gíráàmù 300. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi pòròpòrò ọkà bàbà pa láró, ẹ fi ọ̀bẹ bẹ èèpo pupa yẹn kúrò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ funfun. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, aró á jáde sínú ọbẹ̀, ẹ̀fọ́ á wá dà bí ẹrẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí orí àtàǹpàkò.

Ẹ já ewé tẹ̀tẹ̀ gíráàmù 500 sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ má dé ìkòkò, torí ooru tó bá há sínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ewé ṣú. Ẹ kó o sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fún un, ẹ lọ̀ ọ́. Gbúre náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ pọ̀, ẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Amúnútutù ni kí ẹ má lò, ó ń yọ̀.

Òróró ṣíbí ìjẹun 3, kó gbóná. Èso kúmínì (èso olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀) ìdajì ṣíbí tíì ló ń kọ́kọ́ wọlé. Bó bá ti ta sánsán, ẹ da àlùbọ́sà 2 tí ẹ gé kéékèèké sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú. Ẹ dín in tó ìṣẹ́jú 10, títí ó fi pọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọbẹ̀ náà á rí ṣákálá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àáyù eyín 4 àti atalẹ̀ tí ẹ gún. Ìṣẹ́jú 1 ti tó, àáyù tó bá jó ń korò. Tòmátì 1, ata, iyọ̀, kó gbẹ. Ẹ da ẹ̀fọ́ sí i pẹ̀lú omi díẹ̀, ìṣẹ́jú 5. Wàrà ló ń kẹ́yìn.

Ará Kétu
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ dín wàrà rẹ̀ kó tó kó o sọ́bẹ̀, kó fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, omi ara rẹ̀ ló ń jẹ́ kí epo ta séèyàn lára. Kó má tètè yí i padà. Tó bá ti pọ́n nísàlẹ̀, á kúrò lára páànù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ipá ká a, ìdajì rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ páànù. Lẹ́yìn dídín, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ìyẹn ló ń mú un rọ̀ padà.

Tàǹtí Àjàṣẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sórí písà o. Kò ní yọ́, kò ní fà, ṣe ló máa gbẹ tí á le bí rọ́bà. Ohun tó tún bá a mu ni halloumi, wàrà ti erékùṣù Kíprù, èyí tí wọ́n ń yan. Ti Kíprù ní iyọ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, ẹ po iyọ̀ ṣíbí ìjẹun 1 mọ́ ìdajì lítà omi, ẹ rẹ wàrà sínú rẹ̀ nínú fíríìjì mọ́jú. Ẹ là á nípọn bí ìka, ẹ fi òróró pa á, ẹ yan án lórí èédú tí kò lọ́wọ́ iná mọ́, ìṣẹ́jú 2 sí 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàrà olómi tútù ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, ó sì dùn gan-an.

Àbúrò, Kétu
Tí kò bá sí fíríìjì ńkọ́?

Ará Ṣábẹ
Ẹ máa fi omi iyọ̀ sè é lálaalẹ́, kí ẹ pààrọ̀ omi náà. Ọjọ́ 2 ni kí ẹ fojú sí. Bí ara rẹ̀ bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, tàbí tó ń rùn kíkan lẹ́yìn tí ẹ sè é, ẹ dà á nù, màsálà (àdàlú èròjà ọbẹ̀ àwọn ará Íńdíà) kò lè bo ìyẹn.