"Kẹ́mísírì aláwọ̀ ewé" àti "ìdọ̀tí oúnjẹ": àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò tíì bọ́ sí i

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àbá ẹ̀gbọ́n wa lórí bí a ó ṣe máa pe àwọn ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, pé ká máa pe ẹ̀ka kẹ́mísírì tí kì í ba àyíká jẹ́ ("green chemistry" lédè Òyìnbó) ní "kẹ́mísírì aláwọ̀ ewé", ká sì pe èèpo àti àjẹkù tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan mìíràn ní "ìdọ̀tí oúnjẹ". Ẹ forí jì mí, méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Àwọn Òyìnbó ló fi àwọ̀ ewé ṣe àmì ohun tí kì í ba àyíká jẹ́. Àgbẹ̀ Èkìtì tí iṣu rẹ̀ ń ṣe dáadáa, "ewé rẹ̀ dúdú" ló máa sọ. Bí ẹ bá pe "kẹ́mísírì aláwọ̀ ewé" létí ìyá kan lọ́jà Ọba ní Adó, aró tàbí ọ̀dà ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Nínú ìlànà 12 tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì méjì, Paul Anastas àti John Warner, tò sílẹ̀ fún ẹ̀ka yìí ní 1998, kò sí ọ̀kan tó dárúkọ àwọ̀. Èyí àkọ́kọ́ sọ pé kéèyàn má tilẹ̀ dá ẹ̀gbin sílẹ̀ sàn ju kó máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "kẹ́mísírì aláìlẹ́gbin". Mo kọ́kọ́ ro "onímọ́tótó", ṣùgbọ́n ìmọ́tótó ń múni rántí ìgbálẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ti dọ̀tí ná.

"Ìdọ̀tí oúnjẹ" ló dùn mí jù. Lábúlé wa lẹ́yìn Ìjerò, ìyá àgbà mi máa ń se ọṣẹ dúdú. Bí wọ́n bá la kòkó tán, èèpo rẹ̀ kì í dé ààtàn. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sun ún di eérú, wọ́n á kó eérú sínú ajere, wọ́n á máa da omi lé e díẹ̀díẹ̀. Omi tó ń kán sísàlẹ̀ á pọ́n bíi tíì. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, á máa yọ̀. Pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú eérú náà, òun ló ń bá àdín jà lórí iná tí ọṣẹ fi ń jáde. Èèpo kòkó ni wọ́n ń pè é. N kò gbọ́ "ìdọ̀tí" lẹ́nu wọn rí.

"Àjẹkù" náà kò gbà á tán. Àjẹkù ni uyán àná, bí a ti ń pè é nílé, tó kù sínú abọ́. Èèpo iṣu kò dé inú abọ́ rí. Ẹ jẹ́ ká lo "àṣẹ́kù oúnjẹ", kó kó gbogbo wọn pọ̀: ti iṣu, ti gbágùúdá, ti ọsàn. Ẹ fún èèpo ọsàn sí iná àbẹ́là lálẹ́, ẹ ó rí i bó ṣe máa ta pàrà. Òróró inú rẹ̀ tó ń jẹ́ limonene ni, wọ́n sì ń fi í tú gírísì dípò àwọn ohun ìtú-gírísì tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì.

Iṣẹ́ sísọ àṣẹ́kù di nǹkan mìíràn ńkọ́? Wọ́n ní "àtúnlò". Ike tí a fọ̀ tí a tún pọn omi sí, àtúnlò nìyẹn. Èèpo tó di ọṣẹ ti kúrò ní èèpo. Mo dábàá "ìsọdèlò", ìyẹn sísọ nǹkan di èlò.

Lórí títẹ ìwádìí jáde kí ẹnikẹ́ni lè kà á láìsanwó ("open access" lédè Òyìnbó), ẹ jọ̀ọ́, ká má lo "àtẹ̀jáde ọ̀fẹ́". Ẹni tó ń kà á kò sanwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ jọ́nà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń tẹ ìwádìí sí, ẹni tó kọ ọ́ ló ń san án. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣèwádìí lórí èèpo gbágùúdá ti fi owó oṣù ara rẹ̀ dí i. "Àtẹ̀jáde gbangba" sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí ń kọ ìsọníṣókí iṣẹ́ náà ní Yorùbá báyìí, kí àwọn ìyá tó fún un ní èèpo lẹ́yìn ẹ̀rọ gàrí lè kà á. "Ìsọdèlò" ni mo fi síbẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ tètè sọ, ọjọ́ Ẹtì la máa fi ránṣẹ́.