"Ìlù ewì" àti "ohùn ewì" ò bá a mu

Lórí bá a ṣe máa pe àwọn ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ewì Gẹ̀ẹ́sì ní Yorùbá, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká pe metre (bí a ṣe ń to sílébù, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tẹ́nu lè pè lẹ́ẹ̀kan, sínú ìlà ewì) ní "ìlù ewì", ká sì pe mood (bí ewì ṣe ń rí lára ẹni) ní "ohùn ewì". Mi ò fara mọ́ ọn, èkejì ló sì burú jù.

Nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì, sílébù tó wúwo, ìyẹn èyí tí wọ́n fi agbára pè, ni wọ́n ń ṣọ́. Ìlà kan nínú ewì onílà 14 ti Shakespeare sábà máa ń ní sílébù 10, kí 5 nínú wọn wúwo. Yorùbá ò ní irú ìyẹn. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ la ní. Bẹ́ ẹ bá pe metre ní ìlù, dùndún ni akẹ́kọ̀ọ́ máa rò, dùndún ẹ̀wẹ̀, ohùn ọ̀rọ̀ ló ń sọ. "Ìwọ̀n sílébù" ni tèmi, ó ṣeé kà lórí ìka. Ẹ wo òwe yìí:

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀,
Ọ̀rọ̀ lẹṣin òwe;
Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù,
Òwe la fi ń wá a.

6, 6, 6, 7. Ìlà ìkẹyìn ni wọ́n máa ń ṣì kà: wọ́n á fo "ń" torí pé kì í ṣe fáwẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ó gbé ohùn òkè lórí, sílébù gidi ni. Àṣìṣe kejì ni kíka ohun tó wà nínú ìwé dípò ohun tẹ́nu pè. Ẹni tó kọ "ni ẹṣin" ti sọ ìlà kìíní di 7. Ẹni tó pe ìlà kẹta ní "bọ́rọ̀ bá sọnù" ti dín in kù sí 5.

Ohùn ní tirẹ̀ ti níṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́. Àmì ohùn wà. Ohùn ìjálá àti ohùn rárà tún wà, tí a fi ń dá ewì alohùn kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Bí ìbéèrè ìdánwò bá ní "ṣàlàyé ohùn ewì yìí", akẹ́kọ̀ọ́ kan á kọ dò-re-mí, èkejì á kọ ìjálá, olùkọ́ sì ń retí ìbànújẹ́. "Ipò ọkàn" ló yẹ ibẹ̀. Ẹ gbé ẹkún ìyàwó yẹ̀ wò: ohùn ẹkún ni wọ́n fi ń sun ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmọ́ ìdúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, ẹ̀rù ilé ọkọ àti ìyangàn ló ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Bá a bá pe gbogbo rẹ̀ ní ohùn, ibo la ó kọ ìyẹn sí?