Àgbò méjì, aṣọ ẹbí mẹ́ta: ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìtòkò, Manchester: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iléyá ti dé tán. Bàbá mi l'Ábẹ́òkúta ní àgbò méjì làwọn fẹ́ so síta lọ́dún yìí, nítorí ọmọ aládùúgbò wa tó wà ní Kánádà ti so méjì fún bàbá tiẹ̀. Àbúrò mi náà fi àwòrán léèsì ránṣẹ́: ti ọjọ́ ọdún, ti ọjọ́ kejì, ti ìgbéyàwó ọjọ́ kẹta. Mi ò tíì san owó ilé níbí. Ṣé kí n fi káàdì yá a ni? Báwo lẹ ṣe ń fi owó àgbò ránṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Houston: Káàdì kẹ̀? Má dán an wò! Mo fi káàdì ra màlúù ìnáwó òkú ìyá ọkọ mi. Ọjọ́ kan la jẹ ẹran yẹn tán. Mo ṣì ń san èlé nígbà tí Kérésì dé, tí wọ́n tún ní ìrẹsì ńkọ́.

Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá, Dublin: Má sì kó owó lé ẹbí lọ́wọ́. Àgbò tí wọ́n rà fún mi nígbà kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń wọ́ nílẹ̀. Ààfáà wò ó, ó ní arọ ò ṣeé pa láyà, a tún òmíràn rà. Pe ẹni tó ń tà á lórí fídíò. Ní kó jẹ́ kí àgbò rìn, kó la ẹnu rẹ̀ kí o rí eyín, kó yí orí rẹ̀ kí o rí ojú méjèèjì. Kí o wá san án tààrà sí àkáǹtì rẹ̀.

Alhaja Kémta, Peckham: Ẹ̀gbọ́n, àṣìṣe ńlá nìyẹn. Kó fo àbúrò rẹ̀, kó san owó fún ẹni tí kò mọ̀ rí? Tí àgbò bá kú kó tó di ọjọ́ ọdún, ta ni ẹ máa mú?

Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá, Dublin: Tí àbúrò bá fi ṣe nǹkan mìíràn, Alhaja, ta ni èmi náà máa mú?

Alhaja Kémta, Peckham: Ẹ máa tẹ́ ọmọ ìyá yín nítorí àgbò? Ẹ rán an lówó, kó fi rísíìtì àti fídíò ránṣẹ́. Ó parí.

Ọmọ Òwu, Toronto: Àgbò kan tí baálé bá pa kárí gbogbo ilé. Ẹni tí kò ní, kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ànábì pa méjì, ó sì ní ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ìjọ òun tí kò lágbára. Èkejì tí bàbá ń béèrè yìí, ti aládùúgbò ni.

Alhaja Kémta, Peckham: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ máa ń fa àgbò kiri àdúgbò, tí wọ́n á jẹ́ kí àwọn àgbò kan ara wọn. Ti ta ni ìwo rẹ̀ gùn jù? Bàbá á jókòó síta, á máa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí fún bàbá yẹn.

Ọmọ Ìtòkò, Manchester: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀kan ni mo máa rà. Ti aṣọ ni mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá mi.

Ìyá Ìbejì, Houston: Àdìrẹ ni kí wọ́n rà ní Ìtòkú! Kí wọ́n ṣáà yí ẹ̀yìn aṣọ wò. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá ju iwájú lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London: Ẹ̀yin Ẹ̀gbá ń sunkún àgbò. Ọjọ́ kẹta Iléyá, orí ẹṣin làwa wà ní Ojúde Ọba.

Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá, Dublin: Aṣọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹ sọ iye tí ẹ fi rà á!

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jẹ ìkọ́kọrẹ́ ná.

Ọmọ Òwu, Toronto: Láfún gbígbóná pẹ̀lú ewédú ni tèmi, kí àgbò dídín wà lórí rẹ̀. Ewédú inú yìnyín ni wọ́n ń tà fún wa níbí.

Alhaja Kémta, Peckham: Tútù yọ̀yọ̀ ló wà níbí. Ẹ kó wá sí Peckham.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ̀yìnkùlé mi lèmi gbìn ín sí, oòrùn Houston ò kéré. Ẹ wá wo ewé tó fẹ̀!