Wọ́n fi igi ìṣáná há bọ́tìnì Polar, maṣíìnì tí a fi ń gé ìwé: ṣé kí n máa gé e bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìdìwé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n mú mi kúrò nídìí ìdìwé lọ sídìí Polar 115. Ẹni tó ń gé e tẹ́lẹ̀ ti fi ìdajì igi ìṣáná há bọ́tìnì apá òsì, kó lè máa fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan tẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ òsì sì máa to ìwé. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yá. Kàlẹ́ńdà 5,000 wà nílẹ̀. Àyà mi ń já. Ṣé ojo ló ń ṣe mí ni?

Bàbá Agéwèé:
Àbúrò, kì í ṣe ojo. Yọ ọ́ lónìí. Ọdún 26 ni mo fi gé ìwé, ìka àárín ọwọ́ òsì mi kò ní èékánná mọ́, oríkèé òkè ti lọ. Irú igi ìṣáná yẹn náà ni. Oṣù Kejìlá ni, kàlẹ́ńdà náà ni. Mo rí ìwé kan tó yọ díẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, mo ní kí n fi ìka tì í wọlé. Ìró tí mo gbọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí mo ti ń gbọ́ látàárọ̀. Ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ ìwé funfun náà pọ́n ni mo tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe igi yẹn. Wọ́n ṣe bọ́tìnì méjèèjì lọ́nà pé àfi kéèyàn tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀bẹ tó sọ̀. Tó bá ń gé pẹ̀lú igi ìṣáná, a jẹ́ pé ẹnì kan ti tọwọ́ bọ wáyà inú rẹ̀. Ẹ pe oníná tó mọ Polar.

Láràárọ̀, kó o tó gbé ìwé lé e, tẹ òsì nìkan, tẹ ọ̀tún nìkan: ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ mira. Tẹ méjèèjì, kó o jọ̀wọ́ ọ̀kan lójijì: ó gbọ́dọ̀ dúró. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíì na páálí gígùn kọjá níwájú ojú iná tó ń ṣọ́ tábìlì nígbà tí ọ̀bẹ ń bọ̀; ó gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ náà. Ìwé tó bá yọ, búlọ́ọ̀kù igi ni kó o fi tì í. Irin tí ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ pàápàá lè fọ́ ìka kí ọ̀bẹ tó dé.

Ìyá Ìbejì, Mùṣín:
Bàbá, ẹ kú ìrora ọjọ́ náà. Ọmọ mi, ṣọ́ra nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ọ̀bẹ. Níbi iṣẹ́ mi, mo máa ń lé gbogbo èèyàn kúrò níwájú maṣíìnì. Ọ̀bẹ tó gùn ju mítà kan lọ ni. Pa iná láti ìdí, kó o dúró kí àgbá irin inú rẹ̀ yí tán, torí ó ṣì ń yí lẹ́yìn tí iná ti kú. Inú àpótí onígi rẹ̀ ni kí ọ̀bẹ máa wà. Tó bá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kó ṣubú, má gbìyànjú àtigbá a mú.

Bi ọ̀gá rẹ bóyá ó ń san owó NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òun ni òfin ọdún 2010 ní kó san án, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù yín.

Ọmọ Ìdìwé:
Ẹ ṣeun gan-an, sà, mà. Mo yọ igi náà. Mo tẹ ọ̀tún nìkan, ọ̀bẹ sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀gá wà lẹ́yìn mi, ó rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló pa iná. Oníná ń bọ̀ lọ́la, a sì ti gbé kàlẹ́ńdà lọ sílé kejì kí wọ́n bá wa gé e.