Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Land Rover bàbá mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọwọ́ ọkọ̀ àtijọ́. Land Rover Series III tí bàbá mi fi sílẹ̀ sẹ́yìn ilé wa l'Ọ́bàǹtokò ni mo fẹ́ tún ṣe. Alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, kò bàjẹ́ púpọ̀, àfi ibi tó ti fara kan irin, ibẹ̀ ti di ìyẹ̀fun funfun. Sáàsì, ìyẹn férémù irin abẹ́ ọkọ̀, ló dípẹtà. Wẹ́dà kan ní Láfẹ́nwá ní òun á gé irin ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù lẹ̀ ẹ́. Ṣé ó máa gbẹ́rù, àbí kí n wá odindi sáàsì?

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, onípẹtiróòlù 2.25 lítà, ti gan pa. Mẹkáníìkì mi rí ti Hilux, onídísẹ́ẹ̀lì, tòkunbọ̀. Gíyà gan-an lẹ̀rù ń bà mí fún: ti Series kì í fara da agbára púpọ̀, ihò bóòtù òun àti ti ẹ́ńjìnnì Hilux ò sì bára mu, àfi ká gé irin pẹlẹbẹ sáàárín wọn. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ṣé gíyà Hilux lẹ gbé sí i pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ni? (Ìyàwó mi ní kí n tà á fún àwọn oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. A ò tíì débẹ̀.) Oko wa l'Ọ́dẹ̀dá ni mo fẹ́ máa gbé e lọ, kì í ṣe Èkó. Bíréèkì dúróòmù tó wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ńkọ́, ṣé ó tó?