Kí ni ẹ̀ka jọ́gíráfì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba oyè másítà?

Etídò béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni mo fi gba oyè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ wádìí báyìí ni ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń padà kọ́lé síbi tí odò ti kún bo ilé wọn rí, ó sì hàn sí mi pé ẹ̀ka jọ́gíráfì ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ bá mu jù lọ. Ìlànà ìgbaniwọlé tí mo ti kà kò bára mu: àwọn yunifásítì kan ní àfi kí ènìyàn ti ka jọ́gíráfì tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn ní ẹ̀kọ́ mìíràn tó bá a tan náà dára, láìsọ èyí tó bá a tan gan-an. Ṣé irú èmi yìí lè wọlé? Ṣé dandan ni GRE, ìdánwò tí àwọn yunifásítì kan fi ń yan akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga? Yàtọ̀ sí iṣẹ́ kíláàsì, kí ni mo tún gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó fún mi ní oyè náà?

Atọ́nà dáhùn pé:

Ẹ lè wọlé. Mo ti bá àwọn tó ń yẹ ìwé ìgbaniwọlé wò jókòó, àwọn tó ti inú ètò ọrọ̀-ajé, ìmọ̀ nípa àwùjọ, ẹ̀kọ́ nípa àpáta àti ti kọ̀ǹpútà wá kì í ṣe àjèjì níbẹ̀, nítorí pé jọ́gíráfì fúnra rẹ̀ ní apá tó ń wo ilẹ̀, omi àti ojú ọjọ́, ó sì ní èyí tó ń wo bí ọmọ ènìyàn ṣe ń gbé orí ilẹ̀ náà. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọn yóò gbà yín pẹ̀lú àdéhùn pé ẹ ó kọ́kọ́ ka kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ ń kà. Ẹ fi í sọ́kàn pé wọn kì í sábà ka yúnìtì irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ mọ́ èyí tí oyè másítà ń béèrè, nítorí náà ó lè fi sáà kan kún àkókò yín.

Ìmọ̀ statistics tí ẹ mú ti ètò ọrọ̀-ajé wá yóò ràn yín lọ́wọ́. Ibi tí ẹ kò ní lókun ni GIS (fífi kọ̀ǹpútà ya máàpù àti yíyẹ ohun tó wà lórí ilẹ̀ wò) àti kíka àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè. Ẹ má dúró de olùkọ́ kankan lórí ìyẹn: ọ̀fẹ́ ni QGIS, ètò kọ̀ǹpútà kan fún iṣẹ́ GIS, ọ̀fẹ́ sì ni àwòrán Landsat, àwọn sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ń ya ilẹ̀ ayé, láti 2008, àkójọ rẹ̀ sì ti wà láti 1972. Bí ẹ bá mú àwòrán etí odò kan ní ọdún méjì tó jìnnà síra, tí ẹ sì fi ya máàpù bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ìyẹn yóò ṣe yín láǹfààní ju máàkì A kan lọ.

Ní ti GRE, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà ti yọ ọ́ kúrò. Níbi tí wọ́n bá ṣì ti ń béèrè rẹ̀, èsì rẹ̀ wúlò fún ọdún márùn-ún. Ti TOEFL àti IELTS, tí wọ́n jẹ́ ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò ju ọdún méjì lọ.

Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù àyè kò sí nínú gbogbo èyí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ máa ń bi ara wọn ni pé, ta ni yóò bójú tó iṣẹ́ ẹni yìí? Bí kò bá sí olùkọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ti yín, èsì tó dára jù lọ pàápàá lè má wọlé. Nítorí náà, nínú lẹ́tà tí ẹ ó fi ṣàlàyé èròǹgbà yín, ẹ má sọ pé ẹ ti fẹ́ràn máàpù láti kékeré (gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́). Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ wádìí, ibi tí ẹ ó ti rí ẹ̀rí, ọ̀nà tí ẹ ó gbà yẹ̀ ẹ́ wò, àti olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá a mu. Ẹ má sì wá orúkọ jọ́gíráfì nìkan lára ilé ẹ̀kọ́. Harvard ti pa ẹ̀ka tirẹ̀ rẹ́ láti 1948, ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, abẹ́ ẹ̀kọ́ nípa àyíká ni wọ́n fi í sí.

Ọ̀gbàrá dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè ìkẹyìn. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 30 yúnìtì ni másítà sábà máa ń jẹ́, ó sì máa ń gba nǹkan bí ọdún méjì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, 180 yúnìtì ni láàrin ọdún kan, bẹ́ẹ̀ yúnìtì ibẹ̀ kì í ṣe irú ti Amẹ́ríkà. Ẹ ó ka kọ́ọ̀sì lórí ìtàn àti èrò inú ìmọ̀ jọ́gíráfì, ẹ ó ka èyí tó dá lórí ọ̀nà ìṣèwádìí, lẹ́yìn náà ẹ ó kọ àbá iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ ó gbèjà rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, tó sábà máa ń jẹ́ olùkọ́ mẹ́ta, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ fúnra rẹ̀, ìyẹn ìwé ìwádìí gígùn tí a fi ń parí oyè.

Èyí tó kàn yín jù ni ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn nínú ìwádìí. Ẹ fẹ́ lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn tí odò lé kúrò nílé lẹ́nu wò. Ẹ kò lè bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí ìgbìmọ̀ náà tó fọwọ́ sí i, wọn kì í sì í fọwọ́ sí èyí tí ẹ ti ṣe kọjá. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá dá ìwé padà fún àtúnṣe. Bí àkókò ìkún omi tí ẹ fẹ́ bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ bá kọjá kí ìwé náà tó jáde, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Amúnimọ̀ dáhùn pé:

Kì í ṣe gbogbo ibi ni àpilẹ̀kọ ti jẹ́ dandan. Ọ̀nà kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka kọ́ọ̀sì púpọ̀ sí i, tí yóò sì fi iṣẹ́ kékeré kan parí rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ GIS lọ́rùn dáadáa. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ bí ẹ bá ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́kàn, nítorí àpilẹ̀kọ ni àwọn tó ń gbani sí ipele yẹn máa ń fi mọ ẹni tó lè dá ìwádìí ṣe.

Etídò:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé kí n kọ̀wé sí olùkọ́ kí n tó fi ìwé ránṣẹ́, àbí ìyẹn yóò jọ àṣejù?

Atọ́nà dáhùn pé:

Kì í ṣe àṣejù, àyàfi níbi tí ẹ̀ka náà bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ ẹ. Ẹ kọ ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré: ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí ẹ fẹ́ wádìí, àti apá iṣẹ́ rẹ̀ tó kàn yín. Ẹ bi í bóyá ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ọdún tí ẹ fẹ́ wọlé, nítorí ó lè ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì lè fẹ́ lo ọdún náà fún ìsinmi ìwádìí. Ẹ tún béèrè nípa ìrànwọ́ owó. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ ní kíláàsì tàbí nínú ìwádìí, tó sábà máa ń jẹ́ 20 wákàtí lọ́sẹ̀, lè rí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ yọ kúrò lọ́rùn kí ó sì tún máa gba owó oṣù, ṣùgbọ́n gbèdéke ti àwọn tó ń wá irú àyè yìí sábà máa ń wà láàrin Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní, èyí tó yá ju ti àwọn tó máa sanwó fúnra wọn lọ.