Òórùn inú ọkọ̀ RV: ibo ló tún kù ká wò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọkọ̀ RV (ọkọ̀ téèyàn ń gbé inú ẹ̀ bí ilé) dáadáa, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ òórùn tó ń yọ nínú tèmi. Táǹkì ìgbẹ́ rẹ̀ gba gálọ́ọ̀nù 40. Títì ni fáàfù tá a fi ń dà á nù máa ń wà títí á fi kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, torí bómi bá ṣáájú ṣàn lọ, ìgbẹ́ á gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀. Rọ́bà tọ́ílẹ́ẹ̀tì ń gbá omi dúró mọ́júmọ́, páìpù atẹ́gùn orí òrùlé ò sì dí.

Síbẹ̀, tí ọkọ̀ bá ń sáré, tí fáànù òrùlé ń yí, òórùn á gba ihò tómi balùwẹ̀ ń bá jáde wọlé. Ó jọ pé mímì ọkọ̀ ló ń da omi tó ń dínà òórùn nínú páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ ibẹ̀ nù: téèyàn bá da ife omi kan sí i, òórùn á dáwọ́ dúró.

Ṣé ẹnì kan ti fi fáàfù tí ò nílò omi láti dínà òórùn rọ́pò páìpù yẹn? Ṣé irun kì í há a lẹ́nu? Àbí fáàfù kékeré abẹ́ síǹkì, tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọ páìpù, ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?